Tunnel SSH tó ń tan fúnra rẹ̀ bí sáfà Linux bá tan: ẹ bá wa dá sí i

Àbúrò Sáfà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Sáfà kan ló wà ní ọ́fíìsì, Debian 12 ni. Ráútà onísíìmù ló fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì sí bí ẹni tó wà níta ṣe lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tààrà. VPS kan (sáfà tí a yá lórí íntánẹ́ẹ̀tì) wà tó ní àdírẹ́sì gbangba. Bí a bá tẹ àṣẹ yìí lórí sáfà ọ́fíìsì, a máa ń lè gba orí VPS wọ inú rẹ̀:

```
ssh -N -R 2222:localhost:22 tunnel@203.0.113.10
```

(203.0.113.10 ni mo fi rọ́pò àdírẹ́sì VPS.) Ṣùgbọ́n iná ọba kì í dágbére. Bó bá lọ tó tún dé, sáfà á tan, tunnel (ọ̀nà abẹ́lẹ̀ tí àṣẹ yẹn ń là) ò ní tan. A ti fi í sí @reboot nínú crontab (ìwé tí cron fi ń mọ àṣẹ tó máa ta àti ìgbà tó máa ta á): ó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan, lọ́jọ́ kejì á kọ̀. Ọ̀nà wo ló gún régé?

Wáyà Kì í Sùn

Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú crontab. Gbogbo ohun tí @reboot mọ̀ ni pé kó ta àṣẹ náà lẹ́ẹ̀kan bí cron bá ṣe ń dìde. Bí ráútà ò bá tíì rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lásìkò yẹn, ssh á kú, kò sì sí ẹni tí yóò jí i. Ọjọ́ tó ń ṣiṣẹ́ yẹn, ráútà ló yára ju sáfà lọ. /etc/rc.local náà ò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Títan tunnel ò le. Ibi tí iṣẹ́ wà ni bó ṣe máa dìde lẹ́yìn tó bá ṣubú, ó sì ń bọ̀ wá ṣubú dáadáa: iná á lọ, síìmù á pààrọ̀ àdírẹ́sì, ẹni tó ni VPS á ṣe àtúnṣe, á tún un tan.

systemd, ètò tó ń tan àwọn iṣẹ́ lórí Linux tó sì ń ṣọ́ wọn, ni kẹ́ ẹ gbé e lé lọ́wọ́. Ẹ kọ èyí sínú `/etc/systemd/system/ona-ssh.service`:

```
[Unit]
Description=Ona abele SSH lo si VPS
Wants=network-online.target
After=network-online.target
StartLimitIntervalSec=0

[Service]
User=tunnel
ExecStart=/usr/bin/ssh -NT \
  -i /etc/tunnel/id_ed25519 \
  -o BatchMode=yes \
  -o ConnectTimeout=15 \
  -o ExitOnForwardFailure=yes \
  -o ServerAliveInterval=30 \
  -o ServerAliveCountMax=3 \
  -o StrictHostKeyChecking=yes \
  -o UserKnownHostsFile=/etc/tunnel/known_hosts \
  -R 2222:127.0.0.1:22 tunnel@203.0.113.10
Restart=always
RestartSec=20

[Install]
WantedBy=multi-user.target
```

Lẹ́yìn náà:

```
sudo systemctl daemon-reload
sudo systemctl enable --now ona-ssh
journalctl -u ona-ssh -f
```

`enable` ló ń mú kó tan nígbà tí sáfà bá tan; `--now` ló ń tan án lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe `start` nìkan, bí sáfà bá wá tún tan tí tunnel ò sí níbẹ̀, wọ́n á máa bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Nínú gbogbo àwọn `-o` yẹn, `ExitOnForwardFailure=yes` ni ọ̀gá wọn. Láìsí i, ssh lè wọ VPS, kó bá a pé nǹkan mìíràn ti di pọ́ọ̀tì 2222 mú, kó kìlọ̀ ní ìlà kan ṣoṣo, kó wá jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. systemd á máa sọ fún yín pé "active (running)", ẹ ò sì ní rí ọ̀nà wọlé. Bó bá wà ńbẹ̀, ssh á kú, systemd á sì tún gbìyànjú.

`ServerAliveInterval=30` pẹ̀lú `ServerAliveCountMax=3` túmọ̀ sí pé ssh á máa kan VPS lára ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 30, bí kò bá rí èsì lẹ́ẹ̀mẹta léraléra (nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 90) á gbà pé ọ̀nà ti gé, á sì jáde. Bí ẹ ò bá kọ ọ́, iye tí OpenSSH ń lò ni 0, ìyẹn pé kò ní béèrè rárá. Lórí ráútà onísíìmù, NAT (ètò tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ fi ń jọ lo àdírẹ́sì gbangba kan) lè gbàgbé ìsopọ̀ tó bá ti dákẹ́ jù láìsọ fún apá méjèèjì, tunnel á ti di òkú tí kò mọ̀ pé òun ti kú. Détà tí ìkànlára yìí ń jẹ kò ju nǹkan bíi 1 MB lọ lójúmọ́, ẹ má fòyà.

`BatchMode=yes` ni pé kí ssh má dúró béèrè password lọ́wọ́ ẹni tí kò sí níbẹ̀. `StartLimitIntervalSec=0` sì ṣe pàtàkì: bí iṣẹ́ kan bá ti tan lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, systemd á pa á tì, á kọ "Start request repeated too quickly". RestartSec tí systemd ń lò bí ẹ ò bá kọ nǹkan kan jẹ́ ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀ẹ̀marùn-ún yẹn ò ní pẹ́ pé. Abala `[Unit]` ni ìlà yìí ń gbé o. Bí ẹ bá kọ ọ́ sí `[Service]`, systemd á fò ó kọjá.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́

Ẹ̀gbọ́n Wáyà ti kọ `User=tunnel`, ẹ jẹ́ ká wá ṣẹ̀dá rẹ̀ kẹ́ ẹ tó tan nǹkan kan. Kò sídìí tí tunnel fi gbọ́dọ̀ jẹ́ root, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kó jẹ́ orúkọ tí ẹ̀yin fúnra yín fi ń wọlé.

Lórí sáfà ọ́fíìsì:

```
sudo useradd -r -d /etc/tunnel -s /usr/sbin/nologin tunnel
sudo install -d -m 700 -o tunnel -g tunnel /etc/tunnel
sudo -u tunnel ssh-keygen -t ed25519 -N "" -f /etc/tunnel/id_ed25519
```

Kọ́kọ́rọ́ yìí kò ní passphrase, torí ní aago mẹ́ta òru tí iná bá dé kò sẹ́ni tó máa tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, orí VPS la ti máa fún un lókùn lọ́rùn. Ẹ ṣẹ̀dá `tunnel` lọ́hùn-ún náà (`sudo useradd -m -s /usr/sbin/nologin tunnel`), kẹ́ ẹ wá kọ ìlà kan ṣoṣo yìí sínú `/home/tunnel/.ssh/authorized_keys`:

```
restrict,port-forwarding,permitlisten="localhost:2222" ssh-ed25519 AAAA... ofiisi
```

`restrict` gba gbogbo ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ kọ́kọ́rọ́ náà, `port-forwarding` dá ẹyọ kan padà, `permitlisten` sì sọ pé 2222 nìkan ni. OpenSSH 7.8 ti ọdún 2018 ni `permitlisten` wọlé. Sáfà tó bá dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ ò ní mọ̀ ọ́n. Fódà `.ssh` gbọ́dọ̀ jẹ́ 700, fáìlì inú rẹ̀ 600, `tunnel` ni kó ni méjèèjì. nologin ò ní dí tunnel lọ́wọ́, nítorí `-N` kì í béèrè shell.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni èyí: àṣẹ náà ṣiṣẹ́ bí ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n lábẹ́ systemd ẹ rí "Host key verification failed". Ìdí ni pé inú `~/.ssh/known_hosts` tiyín ni orúkọ VPS wà, `tunnel` kò rí VPS rí láyé. Ẹ fi ojú mọ ojú fún wọn lẹ́ẹ̀kan:

```
sudo -u tunnel ssh -i /etc/tunnel/id_ed25519 \
  -o UserKnownHostsFile=/etc/tunnel/known_hosts \
  -N tunnel@203.0.113.10
```

Ó máa fi àmì ìka sáfà hàn yín, ìyẹn ọ̀rọ̀ gígùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SHA256. Ẹ má kàn tẹ yes. Ẹ wọ VPS láti ojú ìwé ilé-iṣẹ́ tó ń yá yín, kẹ́ ẹ tẹ `ssh-keygen -lf /etc/ssh/ssh_host_ed25519_key.pub`, kẹ́ ẹ fi méjèèjì wéra. Bí wọ́n bá bára mu, ẹ tẹ yes. Bó bá dákẹ́ lẹ́yìn náà láìsọ nǹkan kan, ó ti wọlé nìyẹn. Ẹ tẹ Ctrl+C.

Àwọn tó ń lo Fedora tàbí Rocky: bí ìwọ̀n 700 àti 600 bá pé tí sshd sì ṣì kọ kọ́kọ́rọ́ náà, SELinux (ètò ààbò kan lórí Linux) ni kẹ́ ẹ fura sí. `sudo restorecon -Rv /home/tunnel/.ssh` á tún àmì tí SELinux fi sára àwọn fáìlì náà ṣe.

Ọmọ Tẹ́mínà

Ẹ kú ọ̀rọ̀ mà. `-R 127.0.0.1:2222:127.0.0.1:22` ni mo kọ kó lè dá mi lójú pé kò ní ṣí sí gbangba. Kọ́kọ́rọ́ wọlé, ṣùgbọ́n "remote port forwarding failed for listen port 2222" ló ń kọ. Kò sí nǹkan kan lórí pọ́ọ̀tì yẹn, mo ti wò ó.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́

permitlisten ló mú yín. Bí ẹ ò bá kọ àdírẹ́sì síwájú 2222, ssh máa ń fi orúkọ "localhost" ránṣẹ́. Bí ẹ bá kọ 127.0.0.1, òun gan-an ló ń fi ránṣẹ́, sshd kì í sì ka méjèèjì sí ọ̀kan náà. Ẹ yọ 127.0.0.1 iwájú yẹn kúrò, tàbí kẹ́ ẹ kọ `permitlisten="127.0.0.1:2222"`. Kò ní ṣí sí gbangba lọ́nàkọnà, níwọ̀n ìgbà tí GatewayPorts (ìlà sshd tó lè ṣí pọ́ọ̀tì `-R` sí gbangba) bá ṣì wà ní "no" lórí VPS, ibẹ̀ sì ni OpenSSH fi í sí.

Ẹyẹ Òru

Ẹ jẹ́ kí n fi àlàfo kan hàn tí ìlà mà yẹn fi sílẹ̀. permitlisten ń di `-R` nìkan. Ẹni tó bá jí kọ́kọ́rọ́ náà lórí sáfà ọ́fíìsì ṣì lè fi `-L` gba inú VPS kan ohun tó ń gbọ́ níbẹ̀, database tí ẹ rò pé 127.0.0.1 ló pa mọ́ náà ńkọ́? Ẹ ṣe fáìlì `/etc/ssh/sshd_config.d/tunnel.conf` lórí VPS:

```
Match User tunnel
    AllowTcpForwarding remote
    ClientAliveInterval 30
    ClientAliveCountMax 3
```

"remote" gba `-R` láàyè, ó ti `-L` mọ́ta. Ẹ tẹ `sudo sshd -t` kẹ́ ẹ tó `sudo systemctl reload ssh` (lórí Fedora àti Rocky, `sshd` lorúkọ rẹ̀). Bí `sshd -t` ò bá sọ nǹkan kan, ó dára. Kẹ́ ẹ sì má pa fèrèsé tí ẹ fi wọlé títí ẹ ó fi fi òmíràn wọlé dánwò.

Ìlà ClientAlive méjèèjì, ẹ máa rí ìwúlò wọn láìpẹ́.

Àbúrò Sáfà

Ẹ ṣeun gan-an, ó ti ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ mo kọ́kọ́ fo ti Ẹyẹ Òru, mo rò pé ti ààbò nìkan ni. Iná lọ lónìí, sáfà dìde, tunnel kọ̀. Àkọsílẹ̀ kún fún "Error: remote port forwarding failed for listen port 2222" ní ìṣẹ́jú àáyá 20 síra. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní wákàtí méjì, ó wá ṣí fúnra rẹ̀.

Ẹyẹ Òru

Ohun tí mo sọ tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn. Nígbà tí iná lọ, sáfà ọ́fíìsì ò ráyè sọ fún VPS pé ó dàárọ̀. Ní ti VPS, ìsopọ̀ àtijọ́ ṣì wà, ó sì di pọ́ọ̀tì 2222 mú fún un. Ìsopọ̀ tuntun dé, ó bá ilẹ̀kùn ní títì, ExitOnForwardFailure sì pa á bó ṣe yẹ.

Wákàtí méjì yẹn ní ìdí tirẹ̀. Bí sshd ò bá ní ClientAliveInterval, TCPKeepAlive nìkan ló kù fún un. Kernel Linux máa ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 7200 kó tó yẹ ìsopọ̀ tó dákẹ́ wò, á wá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, ìṣẹ́jú àáyá 75 láàárín. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 11. Pẹ̀lú ClientAlive 30 lọ́nà 3, VPS á sin òkú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀, ìgbìyànjú tó bá tẹ̀ lé e á wọlé.

Bó bá ń kánjú yín: `sudo ss -tlnp | grep 2222` lórí VPS á fi nọ́ńbà sshd tó di pọ́ọ̀tì náà mú hàn yín, ẹ pa nọ́ńbà yẹn nìkan.

Gbóyèga_VM

Àwọn ará, mo rò pé network-online.target ni kò ní jẹ́ kó tan kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé? Kí ló dé tó fi ń gbìyànjú tó sì ń kùnà nígbà tí sáfà ṣẹ̀ṣẹ̀ tan?

Wáyà Kì í Sùn

Orúkọ rẹ̀ ń tan èèyàn jẹ. Ohun tó ń dúró dè ni pé kí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì gba àdírẹ́sì. Ráútà yín lè fún sáfà ní 192.168.1.20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó tan, kí òun fúnra rẹ̀ ṣì máa wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì síìmù fún ìṣẹ́jú méjì sí i. Lójú systemd, "online" ti dé. Bí ráútà bá sì pẹ́ jù, systemd-networkd-wait-online á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 120, á kùnà, iṣẹ́ yín á ṣì tan, torí Wants lẹ kọ, ẹ ò kọ Requires. Bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí.

Nítorí náà, ìlà méjèèjì yẹn kàn ń dín ariwo inú àkọsílẹ̀ kù ni. `Restart=always` ló ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá fi orúkọ dípò nọ́ńbà pe VPS, ẹ máa rí "Temporary failure in name resolution" lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin láàárọ̀. Ẹ jẹ́ kó máa sọ ọ́.

Bàbá Cron

Ṣé kò sẹ́ni tó ń lo autossh mọ́ ni? Ó ti wà kí systemd tó dé.

Wáyà Kì í Sùn

Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ṣì ń lò ó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe, kó máa jí ssh tó bá kú, systemd ń ṣe é, a ò nílò ẹ̀ṣọ́ méjì sẹ́nu ọ̀nà kan. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó lábẹ́ systemd, nǹkan mẹ́ta ni kó rántí. `-M 0` ni kó lò, kó pa pọ́ọ̀tì àyẹ̀wò tirẹ̀ tì, kí ServerAlive máa ṣọ́ ọ. `Environment=AUTOSSH_GATETIME=0` gbọ́dọ̀ wà, torí bí ssh àkọ́kọ́ bá kú kí ìṣẹ́jú àáyá 30 tó pé, autossh á gbà pé àṣẹ ni ò dára, á sì jáde; ìgbà tí sáfà ṣẹ̀ṣẹ̀ tan gan-an nìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kẹta, kó má kọ `-f`. `-f` á sá lọ sẹ́yìn, systemd á rò pé iṣẹ́ ti parí, á pa èyí tó sá lọ náà, á tún tan òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni á máa yí ká láìdúró.

Ibi tó ti wúlò gan-an ni orí ẹ̀rọ tí kò ní systemd, ráútà OpenWrt àti irú wọn. Ẹ kíyè sí i pé Dropbear ni ssh OpenWrt, kì í ṣe OpenSSH. `-K 30` ni tirẹ̀ dípò ServerAliveInterval.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́

Ẹ jẹ́ ká sọ ti RestartSec díẹ̀. Mo máa ń rí àwọn tó ń fi í sí 1, pé àwọn fẹ́ kó yára. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ní àbùkù, VPS á rí ìgbìyànjú 60 ní ìṣẹ́jú kan láti àdírẹ́sì kan. fail2ban (ètò tó ń ti àdírẹ́sì tó bá kùnà jù mọ́ta) lè tì yín mọ́ta, ìgbìyànjú 5 láàárín ìṣẹ́jú 10 ni ààlà tó bá a wá. Láti OpenSSH 9.8 ti oṣù keje ọdún 2024, sshd fúnra rẹ̀ ti ní PerSourcePenalties, tó ń fìyà jẹ àdírẹ́sì tó bá ń kùnà, ó sì wà ní títan. Debian 13 ti ní in. Ẹ sì rántí pé lórí síìmù, ọ̀pọ̀ èèyàn lè jọ máa lo àdírẹ́sì gbangba kan. Bí ráútà yín bá fi àdírẹ́sì tó wà láàárín 100.64.0.0 sí 100.127.255.255 hàn gẹ́gẹ́ bí àdírẹ́sì ìta rẹ̀, inú agbo yẹn lẹ wà. Ìyà ẹlòmíràn lè kàn yín, tiyín náà sì lè kàn án.

20 sí 30 dára. Ẹni tí systemd rẹ̀ bá tó 254 (Ubuntu 24.04 ní 255, Debian 12 ṣì wà ní 252) lè fi èyí kún un:

```
RestartSec=10
RestartSteps=5
RestartMaxDelaySec=300
```

Á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 10, á máa fa ara rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí dé ìṣẹ́jú 5.

Ọmọ Tẹ́mínà

Mo fẹ́ kó sùn díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, mo kọ `ExecStart=sleep 30 && ssh -i ~/.ssh/id_ed25519 ...`, kò lọ.

Wáyà Kì í Sùn

ExecStart kì í ṣe shell, àbúrò. Kò mọ `&&`, kò mọ `~`, kò sì mọ `|`. sleep ló gba gbogbo ìyókù bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Ẹ kọ ọ̀nà fáìlì ní kíkún láti `/`. Àmì `%` ní ìtumọ̀ tirẹ̀ fún systemd, bó bá wà nínú àṣẹ yín ẹ kọ ọ́ ní méjì, `%%`. Àlàyé tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `#` gbọ́dọ̀ dá ìlà tirẹ̀ ní. Ẹ má fi í sí ìdí ìlà mìíràn. `systemd-analyze verify /etc/systemd/system/ona-ssh.service` á mú púpọ̀ nínú wọn kẹ́ ẹ tó tan án. Ní ti oorun yẹn, RestartSec ti ń ṣe é, ẹ yọ ọ́.

Pápákọ̀ Òfuurufú

Bó bá jẹ́ pé pọ́ọ̀tì kan tàbí méjì lẹ nílò, SSH tó. Bí ẹ bá fẹ́ kí sáfà méjèèjì máa rí ara wọn bí ẹni tó wà nínú yàrá kan, WireGuard (VPN kan) ni kẹ́ ẹ lò. Láti Linux 5.6 ti ọdún 2020 ló ti wà nínú kernel. `/etc/wireguard/wg0.conf` ti ọ́fíìsì:

```
[Interface]
PrivateKey = ...
Address = 10.77.0.2/24

[Peer]
PublicKey = ...
Endpoint = 203.0.113.10:51820
AllowedIPs = 10.77.0.1/32
PersistentKeepalive = 25
```

Ti VPS ní `ListenPort = 51820`, AllowedIPs rẹ̀ sì jẹ́ 10.77.0.2/32. Ẹ ṣí UDP 51820 nínú firewall VPS àti lójú ìwé ilé-iṣẹ́ tó ń yá yín, méjèèjì ni o. `sudo systemctl enable --now wg-quick@wg0`, ó parí.

WireGuard kì í dá ẹni tí kò mọ̀ lóhùn, kì í kọ àṣìṣe kankan síta. Bí kọ́kọ́rọ́ bá yí, ìdákẹ́jẹ́ lẹ máa gbọ́. `sudo wg show` ni ojú yín: bí ìlà "latest handshake" bá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta, ọ̀nà ti gé.

Ohun kan wà tó ń mú àwọn tó ń lo Raspberry Pi. Pi 4 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò ní aago tó ń bá iṣẹ́ lọ bí iná bá lọ. Pi 5 ní in, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ra bátìrì rẹ̀. Bí Pi bá dìde, ó lè gbà pé àná la wà. WireGuard ń fi aago sínú ìkíni rẹ̀, VPS sì máa ń rántí aago tó tóbi jù tó ti gbọ́ lẹ́nu yín. Ìkíni tó bá kéré jù ú lọ, ó gbà pé olè ló ń tún un sọ, á kọ̀ ọ́. Bí AllowedIPs bá kéré bíi tòkè yìí, NTP (ètò tó ń bi íntánẹ́ẹ̀tì léèrè aago) á gba ìta tún aago ṣe, ohun gbogbo á bọ́ sípò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ 0.0.0.0/0 ti fi aago dúró de tunnel, tunnel ń dúró de aago, kò sì sí èyí tó máa kọ́kọ́ yí. Ẹni tó bá ti há sínú rẹ̀, kó pa wg0 orí VPS kó tún un tan. VPS á gbàgbé aago àtijọ́.

SSH pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lásán ò ní wàhálà aago yìí.

Gbóyèga_VM

Báwo la ṣe máa dán an wò láìlọ sí ọ́fíìsì? Ẹ̀rù ń bà mí láti gé ẹ̀ka tí mo jókòó lé.

Ẹyẹ Òru

Ìdánwò kékeré ni `sudo pkill -x -u tunnel ssh` lórí sáfà ọ́fíìsì. Fèrèsé yín á gé bó bá jẹ́ inú tunnel lẹ gbà wọlé. Ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá 20, kẹ́ ẹ tún wọlé.

Ìdánwò gidi ni ti ọ̀nà tó gé láìsọ̀rọ̀:

```
sudo systemd-run sh -c 'ip route add blackhole 203.0.113.10; sleep 200; ip route del blackhole 203.0.113.10'
```

systemd-run ló di iṣẹ́ náà mú, nítorí náà bí fèrèsé yín bá gé, ìlà tó ń ṣí ọ̀nà padà á ṣì ṣiṣẹ́. Bí sáfà bá sì tún tan láàárín kan, ìdènà náà á parẹ́ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹ wọlé padà kẹ́ ẹ wo `journalctl -u ona-ssh -b`. Ẹ gbọ́dọ̀ rí "Timeout, server 203.0.113.10 not responding", àwọn ìgbìyànjú tó kùnà, lẹ́yìn náà ìdákẹ́jẹ́. Ẹ̀yìn èyí ni kẹ́ ẹ tó `sudo reboot`, kó sì jẹ́ àsìkò tí ẹnìkan wà lọ́fíìsì tó lè tẹ bọ́tìnì. Ọjọ́ Ẹtì lálẹ́ kọ́.

Àbúrò Sáfà

Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀, mo gé ọ̀nà, ó padà wá. Ìbéèrè kan kù: mo ṣì ń kọ́kọ́ wọ VPS kí n tó tẹ `ssh -p 2222 admin@localhost` níbẹ̀. Ṣé bó ṣe yẹ nìyẹn? Ṣé kí n kúkú tan GatewayPorts ni?

Ìyá Kọ́kọ́rọ́

Ẹ má tan án o. Pọ́ọ̀tì SSH tó bá ti ṣí sí gbangba, àwọn rọ́bọ́ọ̀tì á rí i kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á máa gbá ilẹ̀kùn sáfà ọ́fíìsì láti orí VPS. Bó bá jẹ́ ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù lẹ fẹ́ kí aráyé rí, ẹ fi nginx tàbí Caddy síwájú lórí 443, kó máa gbé e lọ sí 127.0.0.1 lẹ́yìn.

Lórí kọ̀ǹpútà tiyín, ẹ kọ èyí sínú `~/.ssh/config`:

```
Host ofiisi
    HostName localhost
    Port 2222
    User admin
    ProxyJump ope@203.0.113.10
    HostKeyAlias ofiisi
```

`ope` ni orúkọ tí ẹ̀yin fúnra yín fi ń wọ VPS. `tunnel` ò lè ṣe é, a ti ti `-L` mọ́ ọn níta. "localhost" inú rẹ̀, VPS ló ń túmọ̀ rẹ̀. HostKeyAlias wà níbẹ̀ nítorí pé bí ẹ bá tún ní VPS mìíràn tó ń lo localhost:2222, ssh á ké "REMOTE HOST IDENTIFICATION HAS CHANGED" mọ́ yín lórí, orúkọ kan náà ni méjèèjì á jẹ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, `ssh ofiisi` tó, `scp fáìlì ofiisi:` náà á sì lọ.

Àbúrò Sáfà

Ó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣeun mà, ẹ ṣeun ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ń lọ yọ ìlà @reboot yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ó ṣì wà níbẹ̀ tó ń bá systemd du 2222.